Garrett Morgan àti Ìpara Ìnarun

Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà Ìkòsì kọjá ní Kẹ́tu ní ọjọ́ Sátidé, láàárín àwọn tí ń ta ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ, yóò rí àwọn aṣerunlóge tí wọ́n gbé àga wọn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin kan jókòó, ó tẹ orí ba. Irun àtọwọ́dá tí a ti rán mọ́ ọn lórí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni a ń tú, tí a ń fi abẹ gé òwú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tú u tán, ohun tí ọmọbìnrin náà ń fẹ́ ni pé kí a fi rìlásà na irun orí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó ní ìnáwó kan tí yóò lọ ní ọjọ́ kejì. Aṣerunlóge tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú yóò kọ̀ fún un. Yóò ní kí ó lọ sí ilé, kí ó tọ́jú orí rẹ̀, kí ó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Inú ọmọbìnrin náà kì yóò dùn, bóyá yóò tilẹ̀ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, níbi tí a óò ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi í léèrè ohunkóhun.

Nígbà àtijọ́, irú ìjà báyìí kò lè wáyé láàárín onídìrí àti ẹni tí ó wá dirun. Òòyà, òwú, àdí àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti pàtẹ́wọ́. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀ tí í jó ni lára. Ní Kẹ́tu yìí kan náà ni J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán olókìkí nì, ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí ní ọdún 1975. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya àwòrán irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, kí ó sì tó kú ní ọdún 2014, àwòrán irun tí ó yà ti tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹni tí ó bá wo àwọn àwòrán náà yóò mọ̀ pé irun tí ó ta kókó kò fi bẹ́ẹ̀ dí ẹwà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ayé ń yí, àwọn obìnrin púpọ̀ sì ń fẹ́ irun tí ó nà gbọọrọ. Ta ni ó wá kọ́kọ́ fi ìpara ìnarun sínú agolo, tí ó ń tà á fún àwọn ènìyàn dúdú? Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Kì í ṣe onídìrí, kò sì kọ́ iṣẹ́ oògùn rí. Atúnrọṣe ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó sì ń tún ṣe.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Mááṣì, ọdún 1877, ni a bí Garrett Augustus Morgan ní Claysville, àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Paris. Kì í ṣe Paris ti ilẹ̀ Faransé ni mo ń wí o. Ìlú kékeré kan ni ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kò ju ọdún méjìlá lọ nígbà náà tí òfin ti dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà, ìyá rẹ̀ sì ti wà nínú oko ẹrú rí. Ọmọ mọ́kànlá ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Òun ni ó ṣe ìkeje. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó lọ. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó fi ilé sílẹ̀, ó kọjá odò Ohio lọ sí ìlú Cincinnati, ó sì gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀ kan. Owó iṣẹ́ yìí kò pọ̀, síbẹ̀ ó ń yọ nínú rẹ̀ láti fi san owó fún olùkọ́ tí ń kọ́ ọ ní ìwé ní ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí èyí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó rán ara rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1895 ó dé ìlú Cleveland, ní ẹ̀bá adágún ńlá tí à ń pè ní Erie, ibẹ̀ ni ó sì gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi pin. Ilé iṣẹ́ àwọn tí ń rán aṣọ ni ó ti rí iṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó bá bàjẹ́ ni ó sì ń tún ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn láàárín àwọn oníṣẹ́ aṣọ. Ní ọdún 1907 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ní ọdún kejì ó fẹ́ Mary Hasek, aránṣọ kan tí ó ti ilẹ̀ Jámánì wá. Kò rọrùn rárá fún ọkùnrin dúdú àti obìnrin funfun láti fẹ́ ara wọn ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n bí ọmọkùnrin mẹ́ta, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1909 tọkọtaya náà dá ilé iṣẹ́ aṣọ obìnrin sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n sì gbà.

Ibi ìránṣọ yìí ni ọ̀rọ̀ irun ti wá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ a máa sáré tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gbóná, bí ó bá sì gbóná, a máa jó aṣọ onírun àgùntàn tí a ń rán. Morgan ń wá omi kan tí yóò máa fi pa abẹ́rẹ́ náà kí ó lè dán, kí ó sì yé jó aṣọ. Ìtàn rẹ̀ wí pé ní ọjọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ pè é wá jẹun, ó fi àkísà kan tí ó ní irun nu omi náà kúrò lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó padà, ó rí i pé irun ara àkísà náà, tí ó ti ká jọ tẹ́lẹ̀, ti nà gbọọrọ.

Ẹlòmíràn ì bá ju àkísà náà nù. Morgan jókòó tì í, ó ń ronú. Lẹ́yìn èyí ó lọ bá aládùúgbò rẹ̀ kan tí ó ní ajá onírun kíká, ó sì fi omi náà sí ajá náà lára. Irun ajá nà tó bẹ́ẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò fi dá a mọ̀ mọ́, tí ó sì fẹ́ lé e jáde. Nígbà tí ó rí i pé kò sí ohun tí ó ṣe ajá, ó wá fi í sí orí ara rẹ̀. Kò dà á sí gbogbo orí lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi kékeré kan ni ó kọ́kọ́ fi í sí, ó wò ó. Ó tún fi sí ibòmíràn, ó tún wò ó, títí gbogbo irun orí rẹ̀ fi nà. Nígbà náà ni ó tó sọ ọ́ di ìpara, tí ó ń tà á. Ní ọdún 1913 ó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún un, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ó tún ń ta òróró tí í mú irun dúdú àti òòyà tí a tẹ eyín rẹ̀ fún nína irun. Àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú púpọ̀ rà wọ́n, ó sì di ọlọ́rọ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tí a fi sílẹ̀ ní Ìkòsì, nítorí pé ìlú Morgan yìí ni orísun ìṣòro rẹ̀ méjèèjì. Ní agbègbè Cleveland yìí kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ni obìnrin dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Christina Jenkins ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba fún ọ̀nà tí ó hùmọ̀ láti máa rán irun àtọwọ́dá mọ́ irun orí. Ìpara Morgan àti irun rírán Jenkins ni ó wá pàdé lórí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò fi bẹ́ẹ̀ burú bí a bá lò ó pẹ̀lú ọgbọ́n. Bí èkejì bá tẹ̀ lé èkíní láìsí ìsinmi ni ewu ń bẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lójoojúmọ́ ni irun bí àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún máa ń re kúrò lórí ènìyàn. Bí irun bá wà lábẹ́ ohun tí a rán mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn tí ó re kò ríbi jáde. Wọn yóò wà níbẹ̀, wọ́n yóò sì ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Èyí ni ìdí rẹ̀ tí òkìtì irun fi máa ń bọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ títú, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi kígbe pé orí òun ti pá. Orí rẹ̀ kò pá. Ṣùgbọ́n irun tí ó re wọ̀nyí ti lọ́ mọ́ èyí tí ó wà láàyè, ìdọ̀tí àti òróró sì ti so wọ́n pọ̀ ní ìdí. Ọwọ́ ni a fi ń kọ́kọ́ tú wọn, lẹ́yìn náà òòyà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, láti ṣóńṣó irun lọ sí ìdí rẹ̀. Bí a bá sáré da omi sí i kí a tó tú u, yóò dì bí òwú tí òjò pa, àlùmọ́gàjí nìkan ni yóò sì lè yanjú rẹ̀.

Lẹ́yìn títú ni fífọ̀. Kí a fọ orí náà mọ́, kí a fi ìpara tí í mú irun rọ̀ sí i, kí a sì fi í sílẹ̀ láìdì í le. Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ ni pé òwú tí a fi rán irun àtọwọ́dá ti ń fa awọ orí láti ọjọ́ yìí wá, pàápàá ní iwájú orí àti lẹ́bàá etí. Níbẹ̀ ni a ti máa ń rí ròrẹ́ kéékèèké àti ojú egbò tí ọ̀dọ́bìnrin náà kò mọ̀ pé ó wà. Rìlásà a máa wọ inú ojú egbò bí ata ti í wọ ojú ènìyàn. Ẹni tí ó ti jó nípa rẹ̀ rí mọ̀ pé n kò sọ àsọdùn.

Ohun tí ń bẹ nínú rìlásà òde òní le púpọ̀. Òun àti ohun tí a fi ń se ọṣẹ tí ó le jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Ó máa ń wọ inú fọ́nrán irun lọ, a sì máa já àwọn ìdè tí ó mú un ká kò, irun tí ó bá sì ti já ìdè báyìí kì í padà mọ́. Nítorí náà, irun tuntun tí ó hù ní ìdí nìkan ni ó yẹ kí a máa fi í sí, kì í ṣe èyí tí a ti nà tẹ́lẹ̀. Irun kì í sì í hù ju bí sẹ̀ǹtímítà kan lọ lóṣù, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí àwọn aṣerunlóge gidi fi ń ka oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó tún ṣe é.

Bí ọjọ́ tí a óò na irun náà bá wá pé, kí a má ṣe fọ orí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí a má sì ṣe fi èékánná tàbí òòyà họ ọ́, nítorí pé òróró díẹ̀ tí awọ orí ń mú jáde fúnra rẹ̀ ni apata rẹ̀. Kí a fi faselíìnì sí etí irun yí ká, sí etí àti ẹ̀yìn ọrùn, àti sí awọ orí pàápàá. Kí a kọ́kọ́ dán ìpara náà wò lára ìwọ̀nba irun díẹ̀ ní ibi kọ́lọ́fín. Ẹ ó rántí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Morgan ṣe lórí ara rẹ̀. Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ni, omi ni kí a wá, kì í ṣe sùúrù. Lẹ́yìn tí a bá sì ti ṣan ìpara kúrò, ọṣẹ pàtàkì tí í pa agbára rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi fọ orí náà, nítorí pé omi lásán kì í pa á tán. Ní ọdún 2022 àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn obìnrin tí ń lo ohun ìnarun ju ìgbà mẹ́rin lọ lọ́dún ní àrùn jẹjẹrẹ ilé ọmọ ju àwọn tí kò lò ó lọ, ó tilẹ̀ ju ìlọ́po méjì. Wọn kò tíì sọ pé ìpara náà gan-an ni ó fà á, wọ́n ṣì ń wádìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì yóò máa sáré na irun rẹ̀ ní oṣooṣù.

Ó tó báyìí. Mo ti pẹ́ lórí irun, ayé Morgan kò sì tíì dé ìdajì.

Owó ìpara yìí ni ó fún un láyè láti máa hùmọ̀ ohun mìíràn. Ó ti ń rí àwọn panápaná tí èéfín ń pa nínú ilé tí wọ́n wọ̀ láti gba ẹ̀mí là. Ó mọ̀ pé èéfín àti ooru a máa gòkè, àti pé afẹ́fẹ́ tí ó dára díẹ̀ a máa kù ní ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀. Ó rán ìbòrí kan tí ó bo orí dé èjìká, ó sì so ọ̀pá gígùn tí ó rọ̀ mọ́ ọn, tí ó kanlẹ̀, tí ó ní kànrìnkàn tútù ní ẹnu, láti máa fa afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ sókè. Ní ọdún 1914 ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kiri lọ ń tà á, ó rí i pé àwọn aláwọ̀ funfun kì í fẹ́ ra ohun tí ọkùnrin dúdú hùmọ̀. Nítorí náà ó gba òṣèré aláwọ̀ funfun kan láti máa ṣe bí ẹni tí ó ni ọjà, òun fúnra rẹ̀ a sì wọ aṣọ àwọn Índíà Amẹ́ríkà, a wọ inú àgọ́ tí ó kún fún èéfín burúkú lọ, a sì jáde láìfarapa. Ó dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ní òru ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Júláì, ọdún 1916, gáàsì bú gbàmù nínú ihò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ lábẹ́ adágún Erie láti fa omi mímu wá sí ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ há sínú rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé láti gbà wọ́n kò padà wá, gáàsì ti pa wọ́n. Ọ̀gànjọ́ òru ni a wá pe Morgan lójú oorun. Aṣọ ìsùn ni ó wọ̀ jáde, òun àti Frank arákùnrin rẹ̀, wọ́n kó ìbòrí wọn dání. Àwọn ènìyàn tí ó dúró lẹ́nu ihò kò gbà pé nǹkan náà lè ṣiṣẹ́, àwọn díẹ̀ péré ni ó sì gbà láti bá wọn sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wọ inú òkùnkùn náà lọ, wọ́n ń fọwọ́ tálẹ̀ wá ènìyàn. Ènìyàn ààyè ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Wọ́n tún padà wọlé léraléra, wọ́n ń gbé àwọn tí ó kù jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú ni púpọ̀ nínú wọn.

Ènìyàn yóò rò pé orúkọ Morgan ni yóò wà níwájú nígbà tí wọ́n ń yin àwọn akọni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá tí í fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn akọni lọ́lá fún àwọn aláwọ̀ funfun kan tí ó wà níbẹ̀ ní tiwọn, wọ́n sì fo Morgan dá. Àwọn ará ìlú Cleveland kan ni wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n fún un ní àmì wúrà. Ohun tí ó tún burú jù ni pé nígbà tí ìwé ìròyìn gbé àwòrán rẹ̀ jáde, tí àwọn ìlú kan rí i pé ọkùnrin dúdú ni ó ni ìbòrí tí àwọn panápaná wọn ń rà, wọ́n fagi lé ohun tí wọ́n ti ní kí ó kó wá.

Kò jókòó sunkún. Ní ọdún 1920 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ní Cleveland. Lẹ́yìn èyí, bí ó ti ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ kiri, ó rí jàǹbá láàárín ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní oríta, ó sì hùmọ̀ òpó kan tí apá rẹ̀ ń yí, tí ó ń sọ fún àwọn awakọ̀ ìgbà tí wọn yóò lọ àti ìgbà tí wọn yóò dúró, ṣùgbọ́n tí ó tún ní ipò kẹta tí yóò dá gbogbo ọ̀nà dúró kí ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1923 ni ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ General Electric. Ní ọdún 1931 ó du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú Cleveland, kò sì wọlé.

Láti ọdún 1943 ni àrùn ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́. Síbẹ̀ kò yé hùmọ̀ nǹkan. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Júláì, ọdún 1963, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, a sì sin ín sí ìtẹ́ Lake View ní Cleveland. Ní ọdún 1991 ni ìlú náà fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ omi rẹ̀, tí ó ń fa omi mímu láti inú adágún Erie.